Ta ló ń wẹ Dádì?

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Hamburg. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jámánì mọ Ausbildung yìí: ọdún mẹ́ta gbáko, wákàtí 2,100 nínú kíláàsì, wákàtí 2,500 lẹ́nu iṣẹ́. Lóṣù tó kọjá ó pè mí lóru. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbà mí o. Ọjọ́ Ajé ni mo máa fi iṣẹ́ kan sílẹ̀, German rẹ̀ ò sì dùn lẹ́nu mi." Ni mo bá wọ FlixBus láti Berlin láàárọ̀ Sátidé. Kẹ́míkà ni èmi ń ṣe dókítọ́réètì lé lórí o, kí ni mo mọ̀ nípa aláìsàn?

Iṣẹ́ náà ni pé kó mú aláìsàn kan, kó sọ ìpele tó wà nínú àwọn ìpele mẹ́jọ ti Erik Erikson, kó sì sọ irú ìtọ́jú tó bá a mu. Frankfurt ni wọ́n bí Erikson sí ní 1902, kò sì mọ bàbá tó bí i títí ó fi kú. Ní 1933, nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ó kúrò ní Vienna pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ, ó gba Amẹ́ríkà lọ. Nígbà tó di ọmọ ìlú níbẹ̀ ní 1939, ó fi orúkọ Erikson sọ ara rẹ̀. Àjèjì bíi tiwa ni. Ìwé tó kọ ní 1950 ló ti sọ pé nǹkan méjì ló ń bára wọn jà nínú èèyàn ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọwọ́ ń wò ó bóyá ẹni tó gbé òun ò ní ju òun sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kóun ṣe é fúnra òun. Tí wọ́n bá fi ṣẹ̀sín, ìtìjú ló máa kù sí i lára. Ẹni tó ti lé lógún ọdún ń wá ẹni tí wọ́n á jọ gbé ayé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ó dá nìkan wà. (Èmi nìyẹn. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kọ́mẹ́ǹtì.) Arúgbó sì ń wẹ̀yìn wò, bóyá ọkàn òun balẹ̀ àbí àbámọ̀ ni.

Aláìsàn àbúrò mi jẹ́ bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté rí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Láràárọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, á kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kan ó ti abọ́ omi dànù. Àbúrò mi kọ ọ́ pé: ìpele kẹjọ, àbámọ̀. Arúgbó ni, inú rẹ̀ ò dùn, ó parí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo tún der àti die ṣe, a jẹ ẹ̀bà, mo padà sí Berlin.

Praxisanleiterin rẹ̀ dá a padà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ọmọ ọdún mélòó ni bàbá yìí nígbà tó o bá ń wẹ̀ ẹ́?"

Àbúrò mi kọ́kọ́ rò pé obìnrin náà ò ka ọjọ́ orí tó wà nínú fáìlì ni. Àṣé ọmọ ọdún méjì ni bàbá nígbà yẹn. Ọmọbìnrin kékeré bọ́ ṣòkòtò lára rẹ̀, ó ń nu ìdí rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Ibi ìtìjú yẹn lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbámọ̀ rárá. Èmi rò pé àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyí: wọ́n ń wo ọjọ́ orí, wọ́n á mú ìpele, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèyàn.

Lọ́jọ́ kejì ó kan ilẹ̀kùn, ó tì í, ó fi táwẹ́lì bo bàbá, ó fún aṣọ ìnura, ó sì fi í sí i lọ́wọ́ òsì. "Ojú àti àyà yín, ẹ̀yin lẹ máa wẹ̀ ẹ́. Mo máa dúró." Ogún ìṣẹ́jú ló gbà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kùn. Lọ́jọ́ kẹta bàbá ní omi ti tutù jù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ nìyẹn.

Ó sọ gbogbo èyí fún mi lórí fóònù, ó wá dákẹ́. "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló ń wẹ Dádì?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ wa mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni ara Dádì ò ti yá ní Ògbómọ̀ṣọ́, apá kan ti kọṣẹ́. Màmá ti lọ. Àwa méjèèjì la jọ ń fowó ránṣẹ́, ọmọkùnrin kan sì ń wá láàárọ̀ láti wẹ̀ wọ́n. Ó máa ń fẹjọ́ sùn pé Dádì lórí kunkun. Èmi náà á wá sọ lórí fóònù pé, "Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú yín o, ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu." Ọ̀gá iléèwé ni bàbá yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún o. Wọ́n á dákẹ́. Mo máa ń rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

A máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi òkété bó ṣe rí lára rẹ̀.

Mo pe ọmọkùnrin náà. Mo ní kó ti ilẹ̀kùn, kó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ sí ọwọ́ Dádì tó ṣì lágbára, kó dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó máa pẹ́ o." Mo ní mo máa fi nǹkan kún owó rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo pe Dádì. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n bi mí nípa òtútù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ pa fóònù, wọ́n ní, "Kànìnkànìn tí ọmọ yẹn ń lò ti gbó. Sọ fún un kó ra tuntun."

Mo ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.