Ìpèsè Ọlọ́run Ni Ogún Mi

Bí ẹ bá dé ìlú Chester, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ṣe wo àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹ gbójú sókè. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn oníṣòwò ìlú náà ti ń kọ́lé lọ́nà kan tí ó sọ ìlú wọn di olókìkí. Rows ni wọ́n ń pè é.

Báyìí ni wọ́n ṣe tò ó. Ṣọ́ọ̀bù kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ilẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ sí òpópónà. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Bí a bá gun àtẹ̀gùn, a ó bá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó gba iwájú ilé kan bọ́ sí iwájú ilé kejì, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn tún wà níbẹ̀. Yàrá òkè yọ síta lórí ọ̀nà náà, ó sì di ìbòrí fún un. Bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, oníbàárà lè nájà kí aṣọ rẹ̀ má tutù. Ilẹ̀ onílé ni ọ̀nà náà gbà kọjá, síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti rìn níbẹ̀. Èyí wù wá púpọ̀.

Ní Watergate Street, òpópónà tí ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà odò Dee, ni ilé kan wà tí à ń pè ní God's Providence House. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sára igi iwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọdún 1652. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Ìpèsè Ọlọ́run ni ogún mi."

Ẹ rántí ohun tí ojú ìlú náà ti rí. Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ọmọ ogun dó tì í títí ó fi túúbá ní ọdún 1646. Láàárín 1647 sí 1648, àjàkálẹ̀ àrùn pa àwọn ènìyàn tí ó lé ní 2,000. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àrùn náà kò wọ ilé yìí.

Ṣùgbọ́n ṣé àwọn tí ó kú kò gbàdúrà ni? Wọ́n gbà á. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a ka ọ̀rọ̀ náà bí ìyangàn lórí aládùúgbò. Ilé náà pàápàá gbó. Ní ọdún 1862, ayàwòrán-ilé James Harrison tún un kọ́, ó sì lo díẹ̀ lára igi àtijọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń rí lónìí kì í ṣe ti 1652 mọ́.

Onílé ìgbà náà ìbá pe ilé, ṣọ́ọ̀bù àti owó tí ń wọlé níbẹ̀ ní ogún rẹ̀. Kò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí, mélòó ni ọmọ ìyá kan náà tí kò kí ara wọn mọ́ nítorí ilé bàbá wọn àti owó ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Ẹ kọ́ ilé, ẹ yá ṣọ́ọ̀bù fún ènìyàn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀mí yín ṣì wà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ohun tí í ṣe ogún wọn gan-an.

Kí Olúwa má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa di ìjà láàárín àwọn ọmọ wa. Àmín.