LÓRÍ ALÙPÙPÙ LÁTI LỌ́ŃDỌ̀NÙ DÉ ÒKÈ ALPS

Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ nípa ìrìn àjò yìí ni ó ń bi wá ní ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí ẹ kò wọ bàálù? Ìbéèrè náà tọ̀nà. Nǹkan bí wákàtí méjì ni bàálù fi ń fò láti Lọ́ńdọ̀nù dé Milan ní ilẹ̀ Ítálì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni àwa fi lọ tí a fi bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, lórí alùpùpù, àwa tí a ń kọ̀wé yìí nìkan, láìsí ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn wa. Ìrìn náà lé ní 2,500 kìlómítà, ó sì gba ilẹ̀ Faransé, Swítsàlandì, Ítálì, Ọ́stríà, Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀m kọjá. Èsì tí a ń fún wọn kò gùn: ẹni tí ó bá wọ bàálù yóò dé ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n kò ní rí ojú ọ̀nà, ojú ọ̀nà gan-an ni àwa sì fẹ́ rí. Ìdí mìíràn tún wà, a ó sì dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe fi alùpùpù yìí wé ọ̀kadà tí ń gbé èrò ní Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ọ̀kadà, ó sì ní àpò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí omi kò lè wọ̀. Síbẹ̀ náà, alùpùpù ni. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn. Bí òjò bá rọ̀, orí ẹni ni yóò rọ̀ sí. Ọmọ Nàìjíríà kan ti ṣe èyí tí ó ju tiwa lọ fíìfíì: Kunle Adeyanju gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022, ó sì gun alùpùpù tirẹ̀ wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, kí a lè rí owó gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, eré ọmọdé ni tiwa.

Ìwé ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni a ń lò, nítorí náà ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lọ́wọ́ wa kò tó. A ní láti gba físà Schengen. Ítálì ni a ó ti pẹ́ jù lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ni òfin sì ní kí a ti tọrọ rẹ̀. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fún wa. Ẹni tí ó ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lè jókòó sí ìsàlẹ̀ òkè fún ọ̀sẹ̀ kan kí òjò dídì fi yọ́. Àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà orí òkè bá tì, ọjọ́ físà kò ní dúró dè wá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn wa ní gbogbo òwúrọ̀ tí a bá yọjú wo ojú ọ̀run. A lẹ àmì UK mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, nítorí láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni àmì GB àtijọ́ kò ti jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà mọ́. A sì ra ìbọ̀wọ́ tuntun, nítorí láti 2016 ni ẹni tí ó bá gun alùpùpù láìwọ ìbọ̀wọ́ ní ilẹ̀ Faransé ti ń san owó ìtanràn.

Ní Folkestone, lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ibodè Faransé lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù wa, a sì wa alùpùpù wọ inú ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ òkun kọjá. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà, tí wọ́n ṣí ní 1994, gùn tó 50 kìlómítà, 38 nínú rẹ̀ sì wà lábẹ́ òkun. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 35, a ti dé Calais. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, èyí tí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Nàìjíríà lẹ́yìn ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ tí ìjọba kó gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì.

Láti Calais sí Reims, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, ibojì ogun sì wà lọ́tùn-ún lósì. Níhìn-ín ni ìdí kejì wà. Kétu ni ìdílé wa ti wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, 1914 sí 1918, Kétu wà ní ilẹ̀ Dahomey tí Faransé ń ṣàkóso, èyí tí ó ń jẹ́ Benin láti 1975. Nígbà tí ogun dé, àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí dìde sí wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kétu sì di ẹrù lóru, wọ́n gba ìhà Ìmẹ̀kọ sá wọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Bàbá bàbá wa wà lára àwọn tí ó sá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n mú. Kò padà wálé mọ́. Kò sí lẹ́tà, kò sì sí ibojì tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Títí di òní, nílé wa, bí ènìyàn bá lọ sóko tí ó pẹ́ kí ó tó dé, wọn a ní, “Ṣé ogun Faransé ni ó lọ ni?”

Nínú ọgbà kan ní Reims tí wọ́n ń pè ní Parc de Champagne, ère kan wà níbẹ̀ fún ìrántí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú. Wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ìlú náà ní 1924: àwọn ọmọ ogun Áfíríkà mẹ́rin tí wọ́n yí ọ̀gá ológun aláwọ̀ funfun kan ká, tí ó di àsíá mú. Ní 1940 tí àwọn Jámánì gba ìlú, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì kó o lọ. Èyí tí a rí, àdàkọ rẹ̀ ni, 2013 ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Ìkejì ti àtijọ́ ṣì wà ní Bamako, ní ilẹ̀ Mali. Nǹkan bí 30,000 ni ó kú nínú àwọn tí Faransé kó wá láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. “Ọmọ Senegal” ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, ìbáà ṣe Kétu ni wọ́n ti kó wọn.

A ṣí akoto kúrò lórí, a sì yí ère náà ká lẹ́ẹ̀mejì. A kò rí orúkọ ẹni tiwa níbẹ̀, a kò sì retí rẹ̀. Òtútù ni a ń rò. Òjò ń rọ̀ wẹ́wẹ́, ìka wa sì ń kú tipiri nínú ìbọ̀wọ́ olówó ńlá. Àwọn Faransé fúnra wọn rí i nígbà náà pé òtútù ń pa àwọn ọmọ Áfíríkà, wọn a sì máa kó wọn lọ sí ìhà gúúsù, sí Fréjus, bí ọyẹ́ bá dé. Bí ọyẹ́ bá lọ, wọn a tún kó wọn padà sójú ogun.

Ọ̀nà láti Reims sí Swítsàlandì kò ní ìtàn: ọ̀nà márosẹ̀ ni, owó ibodè ni, epo ni. Martigny ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Great St Bernard ga tó mítà 2,469. Láti 1964 ni ihò kan ti wà tí wọ́n dá lu inú òkè náà fún ẹni tí kò bá fẹ́ gùn ún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìkan ni ọ̀nà orí òkè ń ṣí. Ìsàlẹ̀ mọ́ kedere lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí a kọjá 2,000 mítà, kùrukùru bò wá, òjò sì di yìnyín wẹ́wẹ́. Ewu wo ni ó wà nínú dídá nìkan gùn? Òun nìyí: bí a bá jẹ́ méjì, ọ̀kan yóò sọ fún èkejì pé ó yẹ kí a dúró. Ẹni tí ó dá wà, òun ni yóò sọ, òun náà ni yóò gbọ́, bẹ́ẹ̀ òtútù a máa sọ ọpọlọ di aláìlera kí onítọ̀hún tó mọ̀. Kí a lè mọ̀ bóyá orí wa ṣì pé, a bẹ̀rẹ̀ sí ka iye padà sẹ́yìn ní Yorùbá, láti orí ọgọ́rùn-ún: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ìṣirò Yorùbá kò fàyè gba ẹni tí ń tòògbé. Orí àádọ́ta ó lé díẹ̀ ni a wà tí ògiri ńlá kan yọ nínú kùrukùru.

Ilé àlejò Bernard ni. Àlùfáà láti Aosta ni Bernard, ó sì dá ilé náà sílẹ̀ ní nǹkan bí 1050 nítorí àwọn arìnrìn-àjò tí òjò dídì ń pa àti àwọn tí olè ń dá lọ́nà. Láti ìgbà náà ni àwọn àlùfáà Àgùdà ti ń gba àlejò níbẹ̀, tẹ̀ẹ̀rùn tọyẹ́. Napoleon kó nǹkan bí 40,000 ọmọ ogun gba ibẹ̀ ní 1800. Ibẹ̀ náà ni àwọn ajá ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ ti wá. Ọ̀kan nínú wọn, Barry, tí ó kú ní 1814, ni wọ́n ní ó gba ẹ̀mí ènìyàn bí 40 là. Àgbá ọtí kékeré tí ẹ ń rí lọ́rùn wọn nínú àwòrán, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó fi í síbẹ̀ ní 1820. Obìnrin tí ó wà nídìí tábìlì wo ọwọ́ wa. Kò bi wá ní orúkọ, kò bi wá ní ìjọ tí a ń lọ. Tíì gbígbóná ni ó gbé wá nínú abọ́ ńlá, ó sì fà wá sún mọ́ iná. Lára àwa tí a kò tíì wọ ilé àwọn àlùfáà Àgùdà rí, ó tó wákàtí kan kí ọwọ́ wa tó lè di bọ́tìnì.

Ní ọjọ́ kejì, a sọ̀ sí Aosta, a sì la pẹ̀tẹ́lẹ̀ ilẹ̀ Ítálì kọjá nínú oòrùn títí a fi dé Bormio. Ibẹ̀ ni a ti gun Stelvio. Ó ga tó 2,757 mítà, wọ́n sì la ọ̀nà rẹ̀ láàrin 1820 sí 1825, nígbà tí ọba Ọ́stríà ń ṣàkóso agbègbè náà. Ìhà kejì, tí ó sọ̀ sí Prato, ní kọ́nà 48, nọ́ńbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ojú bá ń wò ni alùpùpù ń lọ. Bí ẹ bá wo ọ̀gbun, ọ̀gbun ni. Bíréèkì nìkan kò sì tó, nítorí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Jíà kékeré ni ẹ ó fi sí, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dì í mú. A ka kọ́nà 48 náà pé.

Lẹ́yìn Prato, kí a tó kúrò ní Ítálì, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan dá dúró láàrin omi. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ilé. Abúlé Graun ni ó wà níbẹ̀. Ní 1950 wọ́n dí omi nítorí iná mànàmáná, ilé 163 sì rì. Ilé agogo náà, tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, nìkan ni ó ṣẹ́kù. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Bàbá àgbàlagbà kan kò ya nǹkan kan. Ó kàn jókòó, ó kọjú sí omi.

Láti 2015 ni Jámánì ti dá àyẹ̀wò padà sí ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Ọ́stríà. Ọlọ́pàá kan dá wa dúró, ó yí pásípọ́ọ̀tù wa síwá sẹ́yìn, ó bèèrè ibi tí a ti ń bọ̀. A ní Stelvio. Ó ní kí ni a wá lọ síbẹ̀? A ní kọ́nà 48. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì dá ìwé wa padà. Ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà márosẹ̀ wọn kò ní òdiwọ̀n eré. Àwa kò kọjá 110, gbogbo ayé sì ń yà wá sílẹ̀. A la Bẹ́ljíọ̀m kọjá nínú òjò. Físà ṣì ku ọjọ́ mẹ́rin.

Nígbà tí a délé, a pe àgbà ìdílé wa ní Ìmẹ̀kọ. Ilé iṣẹ́ ológun Faransé ti kó orúkọ àwọn tí ó kú nínú ogun náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lé ní mílíọ̀nù kan, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó láìsan kọ́bọ̀. A ti wá a títí, a kò rí i. Akọ̀wé Faransé kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ “gb”. Bàbá gbọ́ wa tán, wọ́n ní, “Orúkọ tí ẹ ń wá yẹn, èyí tí a fi ń pè é nílé ni. Kò ní sọ ìyẹn fún òyìnbó.” Wọ́n wá dárúkọ méjì mìíràn tí a kò gbọ́ rí. A ti kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́fà, bí etí Faransé ṣe lè gbọ́ ọ, a sì ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.