Àti Àwọn Yòókù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wọ ilé-ìkàwé kò mọ̀ pé òfin wà tó ń darí bí a ṣe ń kọ orúkọ ìwé àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ kí n tó lọ ṣe IT oṣù mẹ́fà ní ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú Kàbà, ní ilẹ̀ Owé, láàárín àwa Okun ti Ìpínlẹ̀ Kogí. Mo rò pé ẹni tó bá ti mọ̀wé kà ti lè ṣe iṣẹ́ náà: wo ojú ìwé, kọ ohun tí o rí.

Olórí ẹ̀ka wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ti ń tẹ káàdì kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991. Òfin tó ń tẹ̀ lé ni AACR2, tó jáde ní 1978 láti fi tún ti 1967 ṣe. Fún káàdì ni irú òfin bẹ́ẹ̀ wà, káàdì ilé-ìkàwé kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 sí 12.5 lọ. Nítorí àyè tó há, gígé ni wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Wọn kì í kọ “pages”, p. ni. Bí a kò bá mọ ibi tí wọ́n ti tẹ ìwé, S.l. la ń kọ, èyí tí í ṣe Látìnì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí S.l. yìí lórí káàdì ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ̀ ní àdúgbò wa, ó ní Sierra Leone ni ìwé náà ti wá.

Òfin náà tún ní kí a sábà máa yọ “Olóyè” tàbí “Ọ̀mọ̀wé” kúrò níwájú orúkọ òǹkọ̀wé nígbà tí a bá ń da ohun tó wà lójú ìwé kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ní Kàbà tí Ọbaro wà, ta ló jẹ́ pe olóyè lórúkọ ní gbangba láì fi oyè rẹ̀ kún un? Lórí káàdì, ojoojúmọ́ là ń ṣe é.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni òfin ẹni mẹ́ta. Bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta bá jọ kọ ìwé, a ó dárúkọ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ti di mẹ́rin, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ nìkan la ó kọ, a ó sì fi et al. tẹ̀ lé e, Látìnì tó túmọ̀ sí “àti àwọn yòókù”. Àwọn mẹ́ta tó kù kò ní káàdì kankan nínú dúróà. Bẹ́ẹ̀ ní tiwa níbí, ìwé ìtàn ìlú kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan. Olùkọ́ kan, olóyè kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àti àgbà tó mọ ìtàn ni í pawọ́ pọ̀ kọ ọ́. Àwa tí a máa ń pọ̀ ṣe nǹkan ni òfin náà mú jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá kan wọlé, ó ní, “Okun o.” A ní, “Okun, Bàbá.” Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun mẹ́ta ló kọ ìwé kékeré kan nípa iṣu àti àgbàdo gbígbìn, òun fẹ́ fi han ọmọ náà. Mo fa dúróà yọ, mo wá orúkọ rẹ̀, n kò rí i. Bàbá ní, “Ọmọ mi, tún un wò. Mo kọ ọ́.” Ọmọ náà ń wo ojú èmi, ó ń wo ojú bàbá rẹ̀ àgbà. Màmá ló béèrè àkọlé ìwé náà, kò sì pẹ́ tó fi rí i. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, et al. tẹ̀ lé e. Ẹni kẹrin ni Bàbá. Ìwé rẹ̀ wà lórí pẹpẹ, orúkọ rẹ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ wá ìwé náà kò lè rí i.

Òfin tuntun ti jáde ní 2010. Orúkọ rẹ̀ ni Resource Description and Access, RDA ni a ń pè é. Library of Congress ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, 2013. Nítorí pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, àyè kò há mọ́. A lè kọ “pages” tán pátá. A ó sọ ọ́ ní gbólóhùn tó yéni pé a kò mọ ibi tí wọ́n ti tẹ ìwé. Oyè yóò dúró síwájú orúkọ bí ó ṣe wà lójú ìwé. Òfin ẹni mẹ́ta náà sì ti lọ: bí wọ́n jẹ́ mẹ́rin, bí wọ́n jẹ́ méje, a lè dárúkọ gbogbo wọn. Mo ní “a lè”, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló di dandan. Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni ìyókù wà.

Kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà sí wa pé kí a yí padà. Koha la ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ètò ọ̀fẹ́ tó ti New Zealand wá. Bí ìwé tuntun bá dé tí Library of Congress ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ńṣe là ń da tiwọn kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí òfin tuntun ṣe gba ojú fèrèsé wọlé bá wa nìyẹn, tí ti àtijọ́ ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Màmá kò fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, torí kì í ṣe agídí. Ó ní ìwé òfin àtijọ́ wà lórí tábìlì òun, bí wọ́n mú iná lọ, òun ṣì lè ṣí i. RDA ń bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ọdọọdún ni wọ́n ń san láti kà á níbẹ̀, owó òkèèrè sì ni. Ó tún ní, “Bí a bá kọ tòní báyìí, tí a fi tàná sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe èdè méjì là ń sọ nínú ilé kan? Ta ni yóò tún gbogbo ti àtijọ́ ṣe?” N kò ní èsì fún ìyẹn. Mo kàn sọ pé, “Màmá, bàbá ọjọ́sí ńkọ́?”

Òótọ́ sì ni pé òfin tuntun kò wo gbogbo ọgbẹ́ sàn. Ade Obayemi, ọmọ Okun tó jẹ́ onímọ̀ ìtàn, kọ orí kan nípa àwọn Yorùbá, àwọn Ẹ̀dó àti àwọn aládùúgbò wọn ṣáájú 1600. Inú History of West Africa ló wà, tí J. F. Ade Ajayi àti Michael Crowder jẹ́ olóòtú rẹ̀. Orúkọ olóòtú méjèèjì kò ṣòro láti rí. Ti Obayemi kò di dandan lábẹ́ òfin àtijọ́, kò sì di dandan lábẹ́ ti tuntun, àfi bí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá dìídì fi í kún un.

Lọ́sẹ̀ kejì, Màmá mú ìwé àjákọ kan wá. Ó ti to orúkọ gbogbo ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ wa tàbí tí ọmọ wa kọ sínú rẹ̀: Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Búnú, Ọ̀wọ̀rọ̀. Ó ní àwọn yìí nìkan la ó tún ṣe, ti òyìnbó á dúró, àwọn tó ni wọ́n yóò tún wọn ṣe. Èmi ń ka orúkọ jáde, òun ń tẹ̀ ẹ́. Ó fi Obayemi kún tirẹ̀ láìjẹ́ pé mo rán an létí. Nígbà tí a dé orí ìwé iṣu àti àgbàdo, ó tẹ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì dúró. Wọn kò fi àmì kankan sí orúkọ Bàbá lójú ìwé. Ó dà á kọ bí ó ṣe wà níbẹ̀, nítorí pé bí òfin ṣe wí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù rẹ̀, ó pe Bàbá, ó bi í bóyá ó máa ń fi àmì sábẹ́ o tó wà nínú orúkọ rẹ̀ tàbí kì í fi í.