Ṣé Kí N Ra Preamp Ni, Àbí Kí N Má Rà Á?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀yìí kì í ṣe ti owó orí tí ẹ máa ń bi mí léèrè lẹ́yìn ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin tó wà ní pálọ̀ wa ní Peckham níbí ni, àti ti owó àjọ tó kàn mí láti kó.

Àwo orin bàbá mi ló fa ọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá wa papò dà, àwọn àbúrò mi pín aṣọ, wọ́n pín aago. Èmi ní àwo ni kí wọ́n fún mi. Haruna Ishola ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìlú wa, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì mọ Haruna sí. I. K. Dairo wà níbẹ̀, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Ebenezer Obey náà ò gbẹ́yìn. Haruna àti Dairo yìí ló wà nídìí ilé iṣẹ́ àwo Star tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, kí olórin lè jẹ nínú òógùn ojú ara rẹ̀. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kó má fi èyí kún un.

Ohun tó ká mi lára ni pé nígbà tí mo gbé Oroki Social Club, àwo Haruna ti 1971, sórí ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ ń jáde bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Àgídìgbo ń dún bí ẹni ń lu páálí. Ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ kò dá ṣáká. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ rántí pé ìlù tiwa kì í kàn dún lásán, ó ń sọ̀rọ̀. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Rye Lane: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn yẹn náà sì ni onílù ń tẹ̀ lé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjìlá, bi mí pé, "Daddy, kí ni wọ́n ń sọ?" Èmi tí wọ́n fi orin yìí tọ́ dàgbà, mi ò gbọ́ ọ dáadáa débi tí mo lè sọ fún un.

Ni ìmọ̀ràn bá bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ní kí n ra preamp kan tó dá dúró, £650. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n rà á kíá, ẹ̀ẹ̀kan ni à ń wá sáyé. Òmíràn ní ṣé àwọn ọmọ òde òní kì í gbọ́ orin lórí fóònù ni, kí n kó àwo dànù. Ó wá dà bí ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Obey fi kọrin ní 1973. Kò sí bí èèyàn ṣe máa ṣe é tí ayé ò ní rí nǹkan wí.

Ìyàwó mi nìkan ni kò sọ púpọ̀. Ó ní, "Dádì wa, ṣé àpótí onírin yẹn ló máa bá wa lọ kí Màmá ní December ni?" Ọ̀rọ̀ wọ̀ mí lára. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àbíkẹ́yìn wa kò sì tíì fojú kàn án rí. Owó àjọ yẹn la fẹ́ fi kún owó ọkọ̀ òfuurufú.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Kí n tó buwọ́ lu ìwé, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí owó náà fẹ́ rà. Mo bá jókòó ti ọ̀rọ̀ preamp. Iṣẹ́ méjì ni à ń bẹ̀ ẹ́. Èkíní, òun ló ń yan ibi tí orin ti ń wá, bóyá àwo ni, bóyá sídì ni, tó sì ń ṣí ohùn sókè tàbí kó fà á wálẹ̀. Èkejì jẹ́ ti àwo nìkan. Iná tí abẹ́rẹ́ ń gbé jáde láti inú àwo kéré púpọ̀. Abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ ń mú nǹkan bíi mílífólítì 5 wá, nígbà tí ẹ̀rọ sídì ń mú fólítì 2 wá. Ìlọ́po 400 nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ojú ìlà má baà fẹ̀ jù, wọ́n á sì gbé ohùn òkè ga kó lè borí ariwo àwo. Láti 1954 ni àwọn aláwo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fẹnu kò sí ìwọ̀n kan fún un, ìwọ̀n yẹn ló sì wá tàn kálẹ̀. Ẹnu ihò tí wọ́n kọ PHONO sí ni a ti ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ. Bí kò bá sí i, ohùn á tín-ínrín, àgídìgbo á sọnù pátápátá.

Mo yí amplifáyà wa padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. PHONO wà níbẹ̀. A jẹ́ pé preamp ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á, òun àti èyí tó ń lé sípíkà jọ wà nínú àpótí kan náà ni. Mo tún wá ihò tí wọ́n ń pè ní MAIN IN, èyí tí preamp àjèjì lè gbà wọlé tààrà láìkọjá lára ti inú ilé. Kò sí. Bí mo bá ra ti £650, ẹni méjì lá máa ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Bí mi ò bá sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí n ra amplifáyà mìíràn tì í. Owó yẹn ò sí nínú ìwé tí ọlọ́jà kọ fún mi.

Ìyẹn kò tíì sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ wa. Mo fi sídì sí i, amplifáyà kan náà, sípíkà kan náà. Ó dún kedere. Nítorí náà àìsàn náà kò sí lára sípíkà, kò sí níbi tí à ń yí ohùn. Ọ̀nà àwo nìkan ló wà. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́, £28. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì nu àwo. Haruna ṣí aṣọ lẹ́nu! Mo tún yá àpótí phono kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi fún ọjọ́ méjì láti fi wé ti inú amplifáyà. Ìyàtọ̀ wà, ariwo abẹ́lẹ̀ dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ò mọ èyí tó ń dún nínú méjèèjì. Mo dá a padà fún un pẹ̀lú ọpẹ́. Mi ò ra preamp.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo nílé, ẹ gbọ́. Bí amplifáyà yín kò bá ní PHONO, àpótí phono kékeré di dandan fún yín, àfi tó bá ti wà nínú ẹ̀rọ àwo yín. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lè rí ibi tí wọ́n kọ PHONO àti LINE sí. Bí ẹ bá fi sí LINE, ẹ má ki wáyà rẹ̀ bọ PHONO amplifáyà, ohùn á fọ́ yánkanyànkan. Bí ẹ bá ń gbọ́ "hùn-ùn-ùn", ẹ wo wáyà tín-ínrín tí wọ́n ń so mọ́ GND. Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́rẹ́ kí ẹ tó náwó ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ ra preamp lẹ́yìn gbogbo èyí, kó rà á, owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yá a gbọ́ nílé ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ti mú ìwé kan báyìí. Orin Haruna ló ń kọ sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bá yé òun àti èmi, ó ń fàlà sí i nídìí. Ìjẹ̀bú ìjìnlẹ̀ wà nínú wọn tí èmi gan-an ti gbàgbé. Ó ní ìwé yẹn lòun máa kọ́kọ́ gbé fún Màmá bí a bá délé. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí, àmín.