Ajá Tó Ń Gbó Nínú Jíìpù

Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí tábìlì mi tí n kì í fẹ́ kí ìyá àwọn ọmọ rí. Gbogbo owó tí mo ti ná sórí jíìpù wa láti ọdún 2019 ló wà nínú rẹ̀. Ìjókòó méje ni jíìpù náà ní. A rà á nígbà tí ìyá mi àti ọmọ àbúrò mi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí àwa márùn-ún sì di méje. Tókùnbọ̀ ni, Kánádà ló ti wá.

Nǹkan wẹ́wẹ́ ló kún ojú ìwé kìíní: bọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀kù méjì, bátìrì. Ẹni tó bá ń gba títì Ifẹ̀ sí Ìbàdàn kò ní bèèrè ohun tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kù. Ojú ìwé ti oṣù Kẹfà ọdún 2024 ló ń dùn mí.

Ọjọ́ Sátidé ni, a ń bọ̀ láti Ìbàdàn. A ti wọ Ìkirè, ọmọ mi obìnrin ń nawọ́ owó sí àwọn tó ń ta dòdò, nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń ka ooru ẹ́ńjìnì gòkè kọjá ibi tó máa ń wà. Mo rí i. N kò lè purọ́ pé n kò rí i. Mo kàn sọ fún ara mi pé Gbọ̀ngán kò jìnnà mọ́, ẹni tó bá sì ti dé Gbọ̀ngán, ó ti délé nìyẹn. A ò dé Gbọ̀ngán tí èéfín funfun fi bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ ńlá ló wọ́ wa wọ Ifẹ̀, pẹ̀lú ìyá mi tó ń ka Sáàmù lẹ́yìn mọ́tò.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà ládùúgbò wa ní Òkè-Ogbo kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tú rọ́bà ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, ó gba omi inú rẹ̀ sínú ike. Omi náà pọ́n bí ẹni pé wọ́n po osùn sí i.

“Bàbá, irú omi wo lẹ ń bù sí i?”

Mo ní omi ẹ̀rọ ni, omi tó mọ́ lóló.

“Ó mọ́ fún ẹnu yín, sà. Kò mọ́ fún irin.”

Ó tú irin kékeré kan lára ẹ́ńjìnì, ó ki ìka bọ ibẹ̀, ó sì yọ ọ́ padà lófìfo. “Ẹnu ọ̀nà rèé, ilẹ̀kùn ni kò sí. Wọ́n ti yọ thermostat.”

Mo rántí. Ní ọdún 2020, mẹkáníìkì kan nílùú mìíràn ló yọ ọ́ nígbà tí jíìpù kọ́kọ́ gbóná díẹ̀. Ó ní ti àwọn ará ibi òtútù ni thermostat, kò wúlò fún àwa tí oòrùn ń pa. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Mo yìn ín, mo tún fún un ní ₦2,000 lé owó iṣẹ́.

Ọ̀gá Òkè-Ogbo ló wá là mí lóye. Thermostat ni aṣọ́nà tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, tó tó 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kó tó ṣílẹ̀kùn fún omi láti lọ tutù nínú rédíétọ̀. Bí kò bá sí i, omi á máa ṣàn ṣáá, ẹ́ńjìnì ò sì ní tètè móoru. Kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọdún 2023, tí lítà epo kan fò láti abẹ́ ₦200 kọjá ₦500, gbogbo èpè mi ìjọba ni mo gbé e lé lórí. N kò mọ̀ pé wọ́n ń pín in pẹ̀lú thermostat.

Omi ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ibi ní ìdákẹ́jẹ́. Àwa rò pé nítorí yìnyín ni àwọn òyìnbó ṣe ń lo coolant. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó. Ìpẹtà ọdún mẹ́rin ló dí àwọn ihò tín-ín-rín inú rédíétọ̀, tí omi fi ṣàn títí tí kò rí ọ̀nà lọ mọ́.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jóná. A gbé tọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá a kó lè tẹ́jú. A ra rédíétọ̀ Bẹljíọ̀mù. Bẹljíọ̀mù là ń pe ẹ̀yà ara mọ́tò tí wọ́n bá ti lò nílẹ̀ òkèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jàpáàn ló ti wá. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wọlé, dọ́là náà sì ti kúrò ní abẹ́ ₦500 ní báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ó ti kọjá ₦1,500 lọ́dún kejì. Pẹ̀lú owó iṣẹ́, ₦365,000 ni mo san. Thermostat tuntun jẹ́ ₦12,000, coolant ike méjì jẹ́ ₦20,000. Ọ̀gá ní kí n dúpẹ́, pé bí ẹ́ńjìnì bá ti nọ́ọ̀kì ni, mílíọ̀nù kan kò ní tó.

Kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi, ó ki ẹ̀rọ síkáànì bọ abẹ́ ṣítíárín. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti fi í ṣe dandan ní Amẹ́ríkà pé kí gbogbo mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ihò yìí, tí mọ́tò á ti máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. P0128 ló hàn lójú ẹ̀rọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ, ẹ wo thermostat.

“Ó yẹ kí iná ti máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yín látọjọ́ yìí, sà.”

Iná kankan kò tàn rí. Ó ránṣẹ́ pe oníríwáyà, ìyẹn tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì na ohun kan sí mi: téèpù dúdú tí kò ju èékánná lọ. Ẹnì kan ló ti fi lẹ ojú iná náà pa. N kò mọ̀ bóyá ẹni tó tà á ni, tàbí ẹni tí mo fún ní ₦2,000.

Olè wọlé, ajá gbó, a pa ajá, a sì padà lọ sùn. Ẹni tó lẹ téèpù pa ajá tirẹ̀, ẹni tó yọ thermostat pa tirẹ̀. Èmi tí mo rí abẹ́rẹ́ ní Ìkirè ńkọ́? Mo kàwé ju àwọn méjèèjì lọ, ojú ara mi ni mo sì lẹ téèpù mọ́.

Ó sì jẹ́ pé Ifẹ̀ là ń gbé, níbi tí irin Ògún Ládìn wà ní ààfin, ẹni tí àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ Odùduwà ni. Lọ́dún Ọlọ́jọ́, tí Ọọ̀ni bá dé adé Àrè lọ sí Òkè Mògún, Ògún là ń bọ. Etí ni alágbẹ̀dẹ fi ń mọ irin tó sán: ohùn rẹ̀ kì í jọ ti irin tó le. Àwa ọmọ wọn ra irin tó ń fi iná àti nọ́ńbà sọ̀rọ̀, a tún wá téèpù fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń gba Lágéré kọjá nírọ̀lẹ́, iná kékeré tí téèpù bò nígbà kan yẹn tàn. Ọmọ mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ rí i.

“Dádì, iná yẹn ti tún tàn. Ṣé kò lè kú ni?”

“Má jẹ̀ẹ́ kó kú,” ni mo wí. Mo yà sí ọ̀nà Òkè-Ogbo.