Àwo Oúnjẹ Kan ní Melaka

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, síbẹ̀ èmi gan-an ni ọmọdé inú òwe yìí. Oko baba ẹlòmíràn tí mo dé ni ilẹ̀ Malaysia. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀, inú àwo oúnjẹ ni mo ti kọ́ ọ.

Kí n tó sọ ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú àjò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọbìnrin tí ó wà ní ọdún àṣekágbá, kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí orúkọ oúnjẹ ní èdè Yorùbá. Orí kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ó pè ní "Àwọn Àlejò Inú Ìkòkò". Àlùbọ́sà, búrẹ́dì, ìrẹsì, tíì, índómì, frejon, gbogbo wọn ni ó tò síbẹ̀, tí ó sì ń ṣàlàyé ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Mo mú báírò pupa, mo fa ìlà sí orí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: "Èyí kì í ṣe Yorùbá. Yọ ọ́ kúrò." Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó sì yọ ọ́. Mo rò pé èdè baba mi ni mo ń gbèjà.

Oṣù Keje ọdún 2023 ni mo dé Kuala Lumpur, olú ìlú Malaysia, fún àpérò àwọn onímọ̀ èdè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ Malay wá bá mi ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí ó fi kí mi ni "Sudah makan?", èyí tí ó túmọ̀ sí "Ṣé ẹ ti jẹun?" Mo rẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá àlejò ti jẹun kí wọ́n tó béèrè iṣẹ́ tí ó bá wá, ọmọ Yorùbá kò lè ṣàjèjì níbẹ̀.

Ó mú mi lọ sí búkà kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ra nasi lemak fún mi. Nasi ni ìrẹsì tí a ti sè. Lemak ni ọ̀rá, tàbí adùn tí ọ̀rá ń fún oúnjẹ. Inú omi funfun tí a fún lára àgbọn rírin ni wọ́n ti ń se ìrẹsì náà, pẹ̀lú ewé olóòórùn dídùn kan tí wọ́n ń pè ní pandan. Wọ́n fi ẹ̀pà díndín, ẹja wẹ́wẹ́ díndín, kùkúmbà àti ẹyin sísè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bu ata díndín tí wọ́n ń pè ní sambal lé e. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi wé e, bí a ti ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ.

Òórùn sambal náà ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró. Ó le, ó sì ń ta imú. Mo béèrè, ọ̀rẹ́ mi sì ní belacan ni: edé tí a gún pọ̀ mọ́ iyọ̀, tí a sá, tí a sì fi sílẹ̀ títí ó fi kẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ àlejò a máa sá fún un. Ìgbà yẹn ni mo rántí irú. Àjèjì wo ni kì í dímú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé irú? Mo bù ú sẹ́nu. Kò jọ irú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ irú ni ó ń ṣe: ó ń gbé adùn ọbẹ̀ yọ.

Bí mo ti ń jẹun ni ìmọ̀ èdè tí mo kọ́ kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀rẹ́ mi béèrè fún teh tarik, tíì tí wọ́n ń dà láti òkè, láti inú ife kan sínú òmíràn, títí tí yóò fi hó. Tarik, "fífà", èdè Malay ni. Teh, láti inú èdè Hokkien ti gúúsù Ṣáínà ni ó ti wá. Àwọn Mùsùlùmí tí ìran wọn ti Íńdíà wá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Mamak, ni a mọ̀ mọ títà rẹ̀. Wàrà inú agolo tí ó ń mú un dùn, nǹkan òyìnbó ni. Ife kan ṣoṣo, ìran mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀! Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé "tíì" tiwa náà, ọmọ ìyá teh yìí ni. Láti ẹnu àwọn Hokkien ni àwọn ará Netherlands ti gbà á, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn, àwa sì gbà á lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí. Kari wá láti inú èdè Tamil, kedai tí wọ́n fi ń pe ṣọ́ọ̀bù náà sì wá láti ibẹ̀. Roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, láti Íńdíà ni. Gula, ṣúgà, láti inú èdè Sanskrit ni. Tauhu, kicap, taugeh, gbogbo wọn ti ọ̀dọ̀ Hokkien wá, àti mi pẹ̀lú. Àwọn ará Indonesia náà ń lo mi yìí, wọ́n ń kọ ọ́ ní mie, òun ni ó sì wà ní ìdí orúkọ Indomie tí àwọn ọmọ wa sọ di índómì. Keju fún wàràkàṣì, mentega fún bọ́tà, garpu fún fọ́ọ̀kì, ti àwọn Potogí ni. Sedekah, oúnjẹ tàbí owó tí a fi ta ni lọ́rẹ nítorí Ọlọ́run, láti inú èdè Lárúbáwá ni, inú ọ̀rọ̀ kan náà ni "sàárà" tiwa sì ti wá.

Ẹ má rò pé yíyá ni gbogbo rẹ̀ o. Ìrẹsì tí ó wà lóko, padi ni orúkọ rẹ̀; èyí tí a ti yọ èèpo rẹ̀, beras; èyí tí a ti sè, nasi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ohun tí àwa ń fi ọ̀rọ̀ àyálò kan ṣoṣo pè. Èdè tí ó ní irú ọrọ̀ báyìí kò bẹ̀rù àlejò. Ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì ní kí àlejò wá jókòó.

Nígbà tí àpérò parí, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Melaka. Ìrìn bíi wákàtí méjì ni. Ọ̀nà náà gba Negeri Sembilan kọjá, níbi tí àwọn Minangkabau láti Sumatra tẹ̀dó sí láyé àtijọ́. Wọ́n gbé rendang wọn dání: ẹran màlúù tí a sè nínú omi àgbọn pẹ̀lú atalẹ̀, ata, àlùbọ́sà àti koríko ọba, lórí iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá tí ẹran yóò sì dúdú. Lónìí, kò sí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ láàárín àwọn Malay tí rendang kì í sí níbẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1400 ni Parameswara dá ìjọba Melaka sílẹ̀. Etí òkun tí ọkọ̀ Íńdíà, ti Ṣáínà àti ti Lárúbáwá gbọ́dọ̀ gbà kọjá ni, nítorí náà èbúté náà di ọjà ńlá. Àwọn Potogí gbà á ní ọdún 1511, àwọn ará Netherlands gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1641, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1824. Olúkúlùkù lọ, ìkòkò rẹ̀ kò bá a lọ.

Àwọn oníṣòwò ará Ṣáínà fẹ́ obìnrin ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ wọn ni a ń pè ní Peranakan, tàbí Baba àti Nyonya. Mo jẹ ayam pongteh wọn: adìyẹ tí a fi ẹ̀wà sóyà kíkẹ̀ ti ilẹ̀ Ṣáínà àti ṣúgà gula Melaka, tí a ń rí láti ara igi àgbọn, sè. Ìwọ̀-oòrùn kọ́, ìlà-oòrùn kọ́, ti Melaka ni.

Ní Ujong Pasir, létí òkun, ni Kampung Portugis wà, abúlé àwọn ọmọ Potogí tí wọ́n ti di ará ilẹ̀ náà láti bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Kristang ni wọ́n ń pe ara wọn àti èdè wọn. Èdè Potogí àti Malay ni ó pò pọ̀ di èdè náà, àwọn tí ó ń sọ ọ́ sì ti ṣẹ́kù díẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta oúnjẹ bu debal fún mi, ọbẹ̀ adìyẹ pupa tí ó ní fínígà, músítádì àti ata púpọ̀, tí wọ́n sábà máa ń fi ẹran tí ó ṣẹ́kù ní ọjọ́ Kérésìmesì sè. Mo béèrè bóyá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń sọ èdè náà. Ó mi orí. Ó ní, "Wọn kò gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ ohun tí wọ́n ń jẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi lọ sí Èkó. Ìyá tí ó bí ìyá mi, ọmọ Àgùdà ni. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, a máa se frejon: ẹ̀wà tí a sè, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì po mọ́ omi àgbọn àti ṣúgà, tí a ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Láti inú feijão ti àwọn Potogí ni orúkọ náà ti wá, ó gba Brazil kọjá kí ó tó dé Èkó. Inú àwo frejon ni mo ti jẹun dàgbà. Èmi yìí náà ni mo fi báírò pupa fa ìlà sí i pé kì í ṣe Yorùbá! Ǹjẹ́ èmi yóò ha lọ sí Bahia lọ sọ fún àwọn ìyá tí ń ta acarajé pé kí wọ́n fi àkàrà wa sílẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn?

Mo tún wo inú àwo mi. Ata inú debal, ẹ̀pà inú nasi lemak, àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń tà ní kùkúyẹ́ lójú ọ̀nà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, lẹ́yìn ìrìnàjò Columbus ní ọdún 1492. Àwọn Malay pe ẹ̀gẹ́ ní ubi kayu, "iṣu igi". Wọ́n pe ẹ̀pà ní kacang tanah, "ẹ̀wà ilẹ̀". Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan gba ilẹ̀ wọn, láti 1942 sí 1945, tí ìrẹsì sì wọ́n, iṣu igi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ tí wọn kò fi kú. Àwa náà gba ẹ̀gẹ́, a sọ ọ́ di gàrí àti láfún. Ọ̀nà méjì ni èdè ń gbà kí àlejò káàbọ̀: yálà kí ó gbà á pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, bí a ti gba àlùbọ́sà láti inú èdè Lárúbáwá nípasẹ̀ Haúsá, tàbí kí ó sọ ọ́ lórúkọ tuntun. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ìwà ẹrú nínú méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò láti lọ, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi jẹun, òun náà ni kí ẹ fi gba nǹkan. Ẹ kúkú ti mọ èyí láti ilé. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kí ó wo àmì halal kí ó tó jókòó, nítorí búkà àwọn ará Ṣáínà àti ti Nyonya mìíràn a máa sè é. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé tàbí ẹ̀pà kí ó béèrè dáadáa, wọ́n a máa fara pamọ́ sínú ọbẹ̀. Tíì wọn dùn jù. Ẹ sọ pé "kurang manis", wọn yóò dín ṣúgà rẹ̀ kù. Nínú oṣù Ààwẹ̀, ọjà oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ dúró dè. Bí ẹ bá yó tán, ẹ sọ pé "Terima kasih." Ó dúró fún "ẹ ṣé", ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni "gba ìfẹ́". Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, UNESCO fi àṣà oúnjẹ àárọ̀ Malaysia kún àkọsílẹ̀ ogún àṣà aráyé, pẹ̀lú nasi lemak, roti canai àti teh tarik. Wọn kò kọ ọ́ sí orúkọ ìran kan ṣoṣo. Àṣà àwùjọ onírúurú ìran ni wọ́n pè é.

Nígbà tí mo padà dé, akẹ́kọ̀ọ́ mi ti gboyè, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń mú fóònù tí mo sì ń gbé e sílẹ̀, nítorí kò rọrùn fún olùkọ́ láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí ó kọ́. Nígbẹ̀yìn, mo pè é. Mo ní, "Orí tí mo ní kí o yọ yẹn, èmi ni mo ṣì í." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, sà, mo ti pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mi. Ṣé ìwé tí ẹ fi báírò pupa sí ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

Ó wà lọ́wọ́ mi. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ni mo ti bá a. Mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ìlà pupa mi lórí rẹ̀, nítorí n kò lè pa á rẹ́. Ó ti gbà kí n máa fi kọ́ àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lókè ìwé náà. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tí ó fa ìlà pupa, èmi ni n óò dá wọn lóhùn.