Aṣọ Tí Mo Fi Ìyẹ́ Adìẹ Kọ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìwé ọdọọdún yìí ń tẹ̀ lọ́wọ́, ó ti tó ọdún 20 tí mo ti ń dúró níwájú ìjọ láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ohun tí ó yẹ kí wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí n kò rí kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí n kò sì rí kọ́ lórí àga ìwàásù. Nídìí ìkòkò ẹ̀kọ láfún ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo ń ṣe ẹ̀bùn fún ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi kan. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún yín bí ó ti rí, kí n má sì fi ẹ̀bi mi pamọ́.

Ọ̀rẹ́ mi yìí àti èmi jọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún kan náà ni. Yàrá kan ni a jọ ń sùn, àtùpà kan ni a fi ń kàwé, nígbà tí owó wa bá sì tán, gàárì àwo kan ni a jọ ń mu. Nígbà tí a jáde, wọ́n fi mí sí iṣẹ́ ìjọ, wọ́n sì fi òun sí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ọlọ́run sì ṣe é, ibi tí a rán wa lọ kò jìnnà sí ara wọn ju máìlì 3 lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí òjò kò bá rọ̀, ilé rẹ̀ ni mo máa ń lọ, a ó jọ jẹun, a ó sì jọ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn ènìyàn a máa pè wá ní Dáfídì àti Jónátánì, àwa náà a sì máa jẹ́ ẹ.

Aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, aládìrẹ ni. Nígbà tí ó wà láàyè, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ aṣọ orí tábìlì kan fún ọkọ rẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, irú èyí tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, tí a máa ń ya àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí lára, gbọ̀ngàn ńlá tí a ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1929. Obìnrin rere yìí sùn nínú Olúwa lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ mi kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ aṣọ náà bí kò ṣe òun tìkára rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, a jókòó sídìí tábìlì yìí, a ń yẹ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wò. Mo na ọwọ́ láti mú ìwé kan, apá agbádá mi sì gbá ìgò tàdáwà pupa. Kí n tó wí pé kí ni èyí, tàdáwà ti ṣàn bo ọ̀kan nínú àwọn òpó Mápó náà. A bu omi sí i, a fi ọṣẹ sí i, a fi iyọ̀ sí i. Abàwọ́n náà kò lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, “Má dààmú, kò sí nǹkan.” Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wí i, kò wo ojú mi, ìka rẹ̀ ni ó fi ń pa ibi tí ó pọ́n náà.

Mo lọ sílé, ojú sì tì mí. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀ lé e, mo wí fún ara mi pé ó rẹ̀ mí. Ní èyí tí ó tún tẹ̀ lé e, mo ní ìpàdé. Báyìí ni oṣù mẹ́rin fi kọjá lọ. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi: a kò jà, a kò sì bú ara wa. Bí a bá pàdé ní ilé ìjọsìn, a ń kí ara wa, a ń béèrè àlàáfíà ilé. Ṣùgbọ́n n kò fi ẹsẹ̀ kan ilé rẹ̀ mọ́.

Nígbà náà ni mo rántí pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀. Ní ayé àwọn baba wa, a kì í ka ọjọ́ ìbí lọ́dọọdún bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe nísisìyí. Ọjọ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ ni ọjọ́ ayẹyẹ, orúkọ pàápàá a sì máa pa ìrántí mọ́: a bí Abíọ́dún ní àkókò ọdún, a bí Abíọ́nà lójú ọ̀nà, a bí Béjídé lọ́jọ́ òjò. Ṣùgbọ́n baba ọ̀rẹ́ mi mọ̀wé, ó sì kọ ọjọ́ tí a bí i sínú Bíbélì rẹ̀. Nítorí náà a mọ̀ pé yóò pé ọdún 45. Mo rò ó pé bí mo bá ra aṣọ tuntun fún un lọ́jà, owó nìkan ni mo ná, ara mi kò ní mọ̀ ọ́n. Mo sì pinnu pé n ó fi ọwọ́ ara mi kọ òmíràn, n ó sì ṣe é kí ó rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti aya rẹ̀.

Ìyá arúgbó kan wà tí ó kọ́ aya ọ̀rẹ́ mi níṣẹ́ nígbà tí ó wà ní ọmọbìnrin. Mo tọ̀ ọ́ lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo ń wá. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Olùkọ́, iṣẹ́ obìnrin ni ẹ fẹ́ ṣe yìí o. Ṣé agbádá yìí náà ni ẹ ó wọ̀ sídìí ẹ̀kọ?”

Mo ní, “Ìyá, n ó bọ́ ọ sílẹ̀.”

Ó ní, “Ó dára. Ẹ máa bọ̀ lọ́la, kí ẹ sì mú ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́.”

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. A ó po láfún mọ́ omi, a ó fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, a ó sè é títí yóò fi ki, a ó sì sẹ́ ẹ kí kókó má baà wà nínú rẹ̀. A ó tẹ́ aṣọ òwú funfun sórí tábìlì, a ó fi ìlà pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan lè ní ilé tirẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ ni gègé, ẹ̀kọ ni tàdáwà. Bí ìlà bá sì ní láti tín-ín-rín, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè wọ ibẹ̀ dáadáa; ibi tí kò bá sí, yóò dúdú. Nítorí náà, ohun tí ènìyàn ń kọ kì í ṣe ibi tí yóò dúdú, bí kò ṣe ibi tí yóò mọ́lẹ̀.

Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkọ, n kò lè fa ìlà kan gbọọrọ. Àwọn òpó Mápó mi wọ́, wọ́n dà bí ọ̀mùtí tí ń ti ọjà bọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ Ìyá a máa yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa wí fún ara wọn pé, “Ẹ wá wo Olùkọ́, ó ń kọ́ ABD!” Aṣọ mẹ́ta ni mo bàjẹ́. Ní ìgbà kẹta, mo ju ìyẹ́ sílẹ̀, mo ní, “Ìyá, kò jọ tirẹ̀.”

Ìyá ní, “Báwo ni yóò ṣe jọ ọ́? Tirẹ̀ ti bá a lọ. Ọwọ́ ẹlòmíràn kò ṣe é yá, Olùkọ́. Ẹ kọ tiyín.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo jókòó, mo ronú, mo sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀bùn ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ohun tí mo lè fi bo ẹ̀bi mi ni mo ń wá, bí ọmọ tí ó fọ́ àwo ìyá rẹ̀, tí ó ń wá àwo mìíràn tí ó jọ ọ́ kí ìyá má baà mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní ilé kìíní, mo ya àtùpà wa ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní èkejì, àwo gàárì. Ní ẹ̀kẹta, ọ̀nà tí ó wà láàárín ilé mi àti ilé rẹ̀, pẹ̀lú ipa ẹsẹ̀ lórí rẹ̀. Báyìí ni mo ń kọ ọ́ lọ, ilé kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ilé ìkẹyìn, mo ya ìgò tàdáwà tí ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ohun inú rẹ̀ ń ṣàn jáde.

Nígbà tí ẹ̀kọ gbẹ, a gbé aṣọ náà tọ aláró lọ. Ewé èlú ni wọ́n ti gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì fi omi eérú rẹ nínú ìkòkò fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ fa aṣọ jáde, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé tútù. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ ti kàn án, ó ń dúdú lójú mi. A rì í, a sá a, a tún rì í, títí Ìyá fi ní ó tó. Lẹ́yìn tí ó gbẹ, a ha ẹ̀kọ kúrò, iṣẹ́ ọwọ́ mi sì yọ, kò funfun báláú, bí kò ṣe bí ojú ọ̀run ní kùtùkùtù.

Ọjọ́ ìbí náà dé. Máìlì 3 tí mo ti ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́, ó gùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bá ọ̀rẹ́ mi nídìí tábìlì; aṣọ aya rẹ̀ wà lórí rẹ̀, abàwọ́n pupa náà sì wà níbẹ̀. Mo fi ẹ̀bùn mi lé e lọ́wọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí eékún rẹ̀, ó ń wò ó láti ilé dé ilé, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó dé ibi ìgò, ó dúró. Mo rò pé mo tún ti ṣẹ̀ ẹ́. Lójijì ni ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin aya rẹ̀. Ó ní, “Nínú gbogbo ohun tí o yà, èyí tí ó ṣubú yìí nìkan ni ó gún régé!”

Lẹ́yìn èyí ó dákẹ́, ó sì wí pé, “Ọjọ́ Ẹtì mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń se oúnjẹ ẹni méjì. Tàdáwà ba igun kan jẹ́ lára aṣọ. Ọjọ́ Ẹtì mi ni ìwọ bà jẹ́.”

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo tún bẹ̀ ẹ́, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe nítorí aṣọ. Ó ní kí n jókòó, ẹ̀bà ń tutù. Kò ká aṣọ aya rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, kò sì yẹ kí ó ká a. Tèmi ni ó tẹ́ sórí tábìlì kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí mo máa ń jókòó lé.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀bùn fún ọ̀rẹ́, ó dára kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é, bí ìlà rẹ̀ tilẹ̀ wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bí mo ti ṣe, tí mo rò pé aṣọ ni mo jẹ ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ni ó ń retí. Àwọn àgbà wí pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí ẹ bá ṣẹ ẹnìkan, ẹ tètè padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ìtìjú tó di àṣà.

Ọjọ́ Ẹtì ni òní, òjò kò sì rọ̀. Mo fẹ́ fi gègé mi sílẹ̀ níhìn-ín, kí n lè tètè dé ibi tí mo ń lọ.